Erékùṣù lórí táńkì iyùn: báwo la ṣe ń ṣe é tí iyọ̀ ò fi ní pa ewéko orí rẹ̀?

Ọmọ_Àgbádárìgì (Kent)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ní àpótí gíláàsì kan nílẹ̀ tí n kò tíì da omi sí: gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120, ìbú rẹ̀ 60, gíga rẹ̀ 60. N kò fẹ́ kún un dé ẹnu. Mo fẹ́ kí omi òkun dúró ní 40, kí òkúta yọ láti inú omi kó ga ju ẹnu àpótí lọ díẹ̀, kí koríko, ewé àti igi kékeré kan wà lórí rẹ̀, kí iyùn alààyè inú òkun àti ẹja sì máa ṣe tiwọn nísàlẹ̀. Àwòrán àwọn erékùṣù Palau ló kó sí mi lórí, àwọn òkúta ẹfun tí igbó bo orí wọn, tí omi sì ti jẹ ìdí wọn wọnú yíká.

Mo ti ń tọ́jú iyùn tipẹ́, ohun tó wà lókè omi ni n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ewé wo ló lè gbé ibẹ̀? Báwo ni iná ṣe máa wà? Ìyàwó mi sì ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ gbọ́ ariwo omi nínú pálọ̀.

ÌyáOníyùn (Houston)
Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò. Kí ẹ tó ra òkúta kankan, ẹ fi téèpù sàmì síbi tí omi máa dé, kó yí gíláàsì ká. Ìlà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Omi tí ara òkè ń mu yàtọ̀ sí omi tí ara ìsàlẹ̀ ń mu. Bí méjèèjì bá fi lè pàdé, ti òkè ló máa kú.

Òkúta tí a ń kó iyùn lé kún fún ihò wínníwínní. Tí ìdí rẹ̀ bá ti wà nínú omi, á máa fa omi iyọ̀ gòkè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Omi á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù. Kò ní pẹ́ tí ẹ fi máa rí ìgbátí funfun kan lára òkúta, bí ìka mẹ́ta sí mẹ́rin lókè omi. Ẹ fi èékánná ha á, á máa ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Mọ́ọ̀sì tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, etí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ni àárín á gbẹ. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á wọ́n omi sí i, omi ọ̀hún á yọ́ iyọ̀ ojú òkúta lọ bá gbòǹgbò.

Èmi pín erékùṣù tèmi sí méjì. Ìsàlẹ̀ jẹ́ òkúta gidi. Orí rẹ̀ jẹ́ abọ́ rọ́bà dúdú tí kò nihò nídìí, mo wá fi òkúta wẹ́wẹ́ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí tí ojú ò fi lè rí abọ́ mọ́. Orí òkúta tí abọ́ jókòó lé, mo fi epoxy (gọ́ọ̀mù tó máa ń le gbagidi) kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí ihò rẹ̀ dí pátápátá. Nínú abọ́, òkúta amọ̀ wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀, àwọ̀n tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ìgbìn ló kẹ́yìn. Páìpù tín-ín-rín kan wọlé dé ìdí abọ́; bí omi bá pọ̀ jù, mo máa ń fi sírínjì fà á jáde níbẹ̀. Fẹ́ẹ̀nì kéékèèké, mọ́ọ̀sì àti igi Ficus microcarpa tí wọ́n gé kúrú, gbogbo wọn ń gbé abọ́ yẹn dáadáa. Ficus yẹn máa ń ju gbòǹgbò sílẹ̀ láti ara ẹ̀ka, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó bá ti ń wá omi ìsàlẹ̀ lọ, ẹ tètè gé e.

Omi abọ́ ò gbọdọ̀ ṣàn sínú òkun yín. Ajílẹ̀ tí a ń fún ewéko ní nitrate àti phosphate nínú, bàbà sì wà nínú òmíràn. Bàbà yẹn ló ń pa edé àti ìgbín, kódà kó kéré.

Bàbá_Etí_Ọ̀sà (Ìkòròdú)
Ìyá wa ti là á mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ abọ́ yìí ò wù mí. Kí ló dé tí a ò fi lo igi tí omi iyọ̀ ò lè pa? Ẹ̀gbà ni mò ń sọ, igi etí ọ̀sà tó ń ta gbòǹgbò gbọọrọ sínú ẹrẹ̀. Rhizophora racemosa ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, Rhizophora mangle lẹ máa rí rà. Orí igi ni èso rẹ̀ ti ń hù kó tó já, nítorí náà ohun tí wọ́n máa tà fún yín jẹ́ ọ̀pá tútù kan tó gùn bí ìka ọwọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí rẹ̀ ṣóńṣó.

Ẹ má rì í mọ́ yanrìn. Ẹ ki ọ̀pá náà sí ihò òkúta lójú omi gan-an, kí ìdí rẹ̀ kan omi, kí orí rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Gbòǹgbò ló ń kọ́kọ́ yọ, ewé méjì á wá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí gbòǹgbò bá ti di òkúta mú, ẹ má tún gbé e kiri mọ́ o. Irú ẹ̀gbà yìí kì í jẹ́ kí iyọ̀ púpọ̀ gba gbòǹgbò kọjá, àmọ́ èyí tó bá ta sí ewé, òjò ló ń fọ̀ ọ́ nù nílé rẹ̀. Nínú pálọ̀ kò sí òjò, ẹ̀yin lẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ fín in. Ẹ máa ṣọ́ magnesium, nítorí ó ń jẹ ẹ́: kó wà láàárín 1,250 sí 1,350 nínú lítà kan ní mílígíráàmù. Ewé tó bá já, ẹ yọ ọ́ kó tó jẹrà.

Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé ó ń fọ omi mọ́. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ó lọ́ra jù. Tí nitrate bá pọ̀, skimmer (ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó yọ ìdọ̀tí inú omi) àti pípààrọ̀ omi lẹ máa wá.

Ewé ilẹ̀ tún wà: Sesuvium portulacastrum, èyí tó ní ewé kíki olómi, tó ń fà lórí yanrìn etíkun wa. Yanrìn tí iyọ̀ ń ta sí ni ilé rẹ̀, kò ní ṣòro fún un láti gbé lójú omi yín.

Edé_Ò_Sùn
Kí ẹnikẹ́ni má lọ ki ọ̀pá ẹ̀gbà sínú báàgì láti Èkó lọ sí Heathrow o. Ohun ọ̀gbìn tí ẹ bá fẹ́ mú wọ Britain láti ṣe ọ̀gbìn nílò ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Iyùn olókùúta náà wà lábẹ́ òfin CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko), Àfikún Kejì. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti ń sìn níbẹ̀, ó kúkú lágbára ju èyí tí wọ́n gé nínú òkun lọ.

Ẹnjiníà_Alápótí (Manchester)
Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti ìwọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ rere ti ń di omi lórí kápẹ́ẹ̀tì.

120 lọ́nà 60 lọ́nà 40, lítà 288 nìyẹn. Ẹ yọ ààyè òkúta kúrò, ká ní ó ku 240. Omi òkun yẹn nìkan á wúwo tó kílò 246. Ẹ fi òkúta, gíláàsì, tábìlì àti táńkì ìsàlẹ̀ (èyí tó wà lábẹ́ àpótí, tí pọ́ǹpù ti ń gbé omi padà sókè) kún un, ẹ ti kọjá 400. Bí ilẹ̀ pálọ̀ bá jẹ́ pákó, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ru ilé, kó dábùú igi abẹ́ pákó, kó má tẹ̀ lé e lọ.

Wàyí o, sẹ̀ǹtímítà kan omi nínú àpótí yín jẹ́ lítà 7.2. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Tí iná bá lọ, omi máa gba ẹnu páìpù tó ń gbé omi gòkè padà sínú táńkì ìsàlẹ̀, títí afẹ́fẹ́ á fi wọ páìpù náà. Tí ẹnu rẹ̀ bá rì wọ inú omi ní sẹ̀ǹtímítà 3, lítà 21 àti ààbọ̀ ló ń bọ̀ nísàlẹ̀ yẹn. Ṣé táńkì ìsàlẹ̀ ní àyè? Ẹnu páìpù kò gbọdọ̀ rì ju bó ti yẹ lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà. Ìgbín kékeré kan lásán lè há sí i lẹ́nu.

Ihò tí omi ń gbà jáde ńkọ́? Àpótí tí wọ́n ń tà lọ́jà, nítòsí ẹnu ni wọ́n ń gé e sí. Tiyín gbọ́dọ̀ wà ní 40. Bí wọ́n bá ti gé e sókè, ẹ wá ẹni tó mọ gíláàsì lílu kó lu òmíràn, tàbí kí ẹ fi omi yín sí 52, kí erékùṣù kúrú. Ẹ má lu gíláàsì tí wọ́n ti fi iná mú le o, ṣe ló máa fọ́ yángá.

Kíkọ́ òkúta: ìpìlẹ̀ kọ́kọ́ jókòó lórí gíláàsì, yanrìn lẹ́yìn. Tí ẹ bá tò ó lórí yanrìn, edé tó ń gbẹ́ ihò á wú u kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá fiberglass tàbí PVC ni kí ẹ fi gún òkúta pọ̀, pẹ̀lú epoxy. Kò sí irin níbẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ní kì í dípẹtà. Bí ẹ bá fẹ́ fi fóòmù gbẹ́ òkè, ó fúyẹ́, ó rọrùn láti fi ọ̀bẹ gé, epoxy àti yanrìn lẹ máa fi bò ó. Ṣùgbọ́n fóòmù tó bá wọ inú omi fẹ́ léfòó ni ṣáá. Ẹ fi sílíkóònù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì nígbà tí àpótí ṣì gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fi sìmẹ́ńtì mọ òkúta fúnra yín, inú omi lásán ló máa wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ óò sì máa pààrọ̀ omi náà títí pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan omi) ò fi ní kọjá 8.4 mọ́.

Ọmọ_Àgbádárìgì (Kent)
Ẹ ṣeun gan-an. Ihò tèmi wà lókè lóòótọ́, inú mi bàjẹ́ díẹ̀. Ìbéèrè méjì: ǹjẹ́ mo lè jẹ́ kí omi já láti orí òkè erékùṣù? Èkejì, ẹja tó ń rìn lórí ẹrẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà nílé, ojú rẹ̀ rànkù sókè, ṣé kò lè gbé lórí erékùṣù yìí?

Bàbá_Etí_Ọ̀sà (Ìkòròdú)
Periophthalmus barbarus nìyẹn. Rárá o. Omi tí iyọ̀ rẹ̀ ò ju ìdajì ti òkun lọ ló bá a lára, ẹrẹ̀ ló fẹ́ máa gbẹ́, ó sì nílò afẹ́fẹ́ gbígbóná tó lọ́rinrin. Iyùn fẹ́ omi mímọ́ gaara, iyọ̀ 35 nínú ẹgbẹ̀rún, tí kì í yí padà. Òun àti iyùn ò lè jọ gbé. Ó ń dàgbà tó sẹ̀ǹtímítà 15, akọ méjì sì ń bá ara wọn jà lórí ẹrẹ̀ tí kò tó nǹkan. Ẹ ṣe táńkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ gbin ẹ̀gbà síbẹ̀. Ìyẹn gan-an wu mí ju Palau lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀ sọ ọ́: òkun tiwa níbí ò kọ́ òkìtì iyùn gidi. Omi odò àti ẹrẹ̀ tó ń gbé wọ̀ ọ́ pọ̀, omi tútù sì máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ lápá ibì kan ní etíkun Gínì. Ẹni tó bá fẹ́ fi táńkì ṣe àwòrán ilé, ẹrẹ̀ ọ̀sà ni kó ṣe.

ÌyáOníyùn (Houston)
Bàbá, ẹ fi ọmọ sílẹ̀, iyùn ló wù ú!

Omi tó ń já: bí ó bá jẹ́ omi òkun, gbogbo ẹ̀kán omi tó bá ta á gbé iyọ̀ lọ sórí ewé, iná, ògiri àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ò bá lè ṣe kó má sí, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣe é nínú abọ́ òkè, pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré tirẹ̀, kó rọra yọ́ lórí òkúta, kó má já gbàgà. Ìyàwó yín náà á gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wáyà tó ń lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kó tó gòkè wọ ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀kán omi lè bọ́ sílẹ̀ níbi tó tẹ̀.

Omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi máa dí èyí tó bá gbẹ o, torí omi nìkan ló ń fò lọ, iyọ̀ ò fò. Nínú lítà 240 yín, bí 15 bá gbẹ tí ẹ ò dí i, iyọ̀ á ti gun 35 dé 37 ó lé. Àpótí tí kò lómọrí, tí òkúta tútù yọ sókè nínú rẹ̀, yára gbẹ ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń dí omi fúnra rẹ̀. Ẹ má fi èyí pa mọ́ fún ọjọ́ iwájú.

Iná ló kù. Lórí táńkì lásán, ẹ lè gbé iná sí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lókè omi. Tiyín, erékùṣù ga, igi tún wà lórí rẹ̀. Tí ẹ bá gbé iná súnmọ́ ọn, ewé á jóná, tí ẹ bá gbé e jìnnà, iyùn ò ní rí iná tó. Iná méjì tí ẹnu wọn kéré ni mo fara mọ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí wọ́n máa wo omi, kí wọ́n yẹ òkè sílẹ̀. Ewéko ní iná funfun kékeré tirẹ̀. Iná aláwọ̀ búlúù tí iyùn ń fẹ́, ojú tí yóò fi bá ewé yín, ẹ ò ní fẹ́ràn rẹ̀: ewé tútù á dà bí èyí tó ti kú.

Òjìji tí erékùṣù ń ṣe, ẹ má bínú sí i. Abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kó àwọn iyùn tí kò fẹ́ iná púpọ̀ sí, Discosoma, Rhodactis, Blastomussa. Lábẹ́ òkúta tó nà bo ibẹ̀ pátápátá, Tubastraea olómi ọsàn, èyí tí kò nílò iná rárá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fún un lóúnjẹ lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú omi, ẹ lè fi zoanthid (ìbátan iyùn tí kò ní egungun òkúta) sí i, nítorí ibi tí omi ti ń lọ tó ń bọ̀ làwọn kan nínú wọn ń gbé nínú òkun. Ẹ ṣọ́ra fún wọn: palytoxin wà nínú Palythoa, irú kan nínú wọn, májèlé burúkú ni. Ẹ má da omi gbígbóná sí òkúta tí wọ́n wà lára rẹ̀, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha wọ́n láìwọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Ooru omi gbígbóná yẹn ti sọ odidi ìdílé di èrò ilé ìwòsàn.

Ọmọ_Olókun77
Ẹ gbàgbé Palau. Ní erékùṣù St. John, ní US Virgin Islands, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Hurricane Hole. Iyùn tó ju ẹ̀yà 30 lọ làwọn onímọ̀ rí níbẹ̀ lábẹ́ ẹ̀gbà, àwọn kan tiẹ̀ hù mọ́ gbòǹgbò gan-an. Òjìji ẹ̀ka ń dín iná kù fún iyùn nígbà tí omi bá gbóná. Ohun tí ìyá wa sọ yìí, òkun ti ṣe é. Ẹ̀yin náà lè ṣe é láìgbé òkè ńlá kankan sókè: òkúta kúkúrú lójú omi, ẹ̀gbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí rẹ̀, gbòǹgbò wọn á máa bọ́ sáàárín iyùn. Ihò yín tó wà lókè ò sì ní dí yín lọ́wọ́ mọ́.

Tọ́jú_Ẹja (Ìbàdàn)
Ẹja ń fò o! Àwọn ẹja wrasse Cirrhilabrus àti ẹja Nemateleotris, bí nǹkan bá dẹ́rù bà wọ́n báyìí, ilẹ̀ lẹ máa bá wọn. Ẹ ò lè fi ọmọrí bo àpótí tí igi yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ṣe àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ onífírémù ní ìdá méjì, ẹ gé àyè òkè sí àárín. Tàbí kí ẹ kó ẹja tí kì í sábà fò, bíi ẹja Amphiprion. Omi tó wá sílẹ̀ láti ẹnu gíláàsì fi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 20 ń ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ wrasse ò ka ìyẹn sí.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé níbí: ẹ fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì sílẹ̀ kó tó di pé NEPA mú iná lọ. Tí omi bá dúró, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa lọ. Ooru wa náà ńkọ́. Bí ooru omi bá kọjá ìwọ̀n 30 Celsius, iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Fáànù tó ń fẹ́ sójú omi ń tù ú lára, ṣùgbọ́n á mú kó gbẹ kíá, ẹ padà sí ohun tí ìyá wa sọ nípa dídí omi.

Ọmọ_Àgbádárìgì (Kent)
Mo ti gbà. Ti Hurricane Hole ni màá ṣe. Omi á wà ní 52, òkúta mẹ́ta kúkúrú lójú omi, ẹ̀gbà lórí méjì. Lórí ẹ̀kẹta, abọ́ ìyá wa pẹ̀lú mọ́ọ̀sì, epoxy á wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí omi tó ń já. Iná méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kékeré funfun fún ewé. Ẹnjiníà, pẹ̀lú omi ní 52, ibo ni kí ẹnu páìpù wà?

Ẹnjiníà_Alápótí (Manchester)
Ní 51, sẹ̀ǹtímítà kan sábẹ́ omi. Lítà 7 péré ló máa padà wá látibẹ̀ tí iná bá lọ, ẹ fi èyí tó máa ṣàn wá láti ojú ihò àti inú páìpù kún un. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán kún gbogbo rẹ̀ láìtíì da iyọ̀ sí i, ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ, kí ẹ wo ibi tí omi máa dúró sí ní táńkì ìsàlẹ̀. Ẹ fi máákà fa ìlà síbẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi sí i débi tí yóò fi kọjá ìlà yẹn lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé omi yín ti di lítà 374 báyìí kí ẹ tó yọ òkúta, nítorí náà ẹ tún ìwọ̀n tábìlì ṣe.

ÌyáOníyùn (Houston)
Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbà dé ṣáájú iyùn. Bí gbòǹgbò bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ óò mọ ibi tí àyè ṣẹ́ kù sí fún iyùn.